Kọ́kọ́rọ́ Inú Agolo Ìyẹ̀fun

Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú agolo ìyẹ̀fun mi
tí kì í ṣe tèmi.
Delmar Rasmussen ló mú un wá,
ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin Ingrid ìyàwó rẹ̀,
tí òjò dídì bo gbogbo Montana bí ẹni tú àpò òwú.
Kò wọlé. Ó ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Lorna, bá mi tọ́jú èyí."
Mo ní, "Títí di ìgbà wo?"
Ó wo òkè tó wà lẹ́yìn ilé mi, ó pẹ́,
ó ní, "Títí n ó fi lè sùn."

Ìbọn mẹ́fà ló ń bẹ lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ yẹn.
Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àwọn àgùntàn rẹ̀:
èyí tí bàbá rẹ̀ fi pa àgbọ̀nrín lọ́dún ọ̀dá,
ẹlẹ́nu méjì tó fi ń lé ìkookò,
kékeré onígi pupa tí ọmọ rẹ̀ obìnrin
fi kọ́ bí a ti ń yin agolo lulẹ̀ lórí ọgbà.
Òun ló kọ́ gbogbo ọmọ ojúlé wa pé
má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ pa.
Ó ní lóru ọjọ́ kan òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.
N kò bi í ní ohun tó kù.
Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdé, ìpàdé wà ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé
lórí òfin tuntun: kí olúkúlùkù máa ti ìbọn rẹ̀ mọ́nú àpótí.
Wade Kittredge tó ń ta ẹ̀yà katakata dìde,
ọrùn rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná:
"Ọlọ́pàá tó sún mọ́ mi jù, ogójì máìlì ni.
Bí olè bá jálẹ̀kùn, ṣé kí n ní kó jókòó ná,
kí n wá kọ́kọ́rọ́?"
Àtẹ́wọ́ ró. Èmi pàápàá pa á, òótọ́ ló kúkú sọ.
Ni tíṣà kékeré nì bá dìde, Míìsì Odegaard:
"Mo ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà bí a ti ń dákẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Ọ̀kan bi mí lánàá pé,
bí òun bá fẹ́ sín ńkọ́?"
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn.
Ẹnìkan húkọ́.

"Delmar!" Wade ké, "ìwọ tí o ti ní ìbọn láti àárọ̀ ọjọ́, sọ fún wọn!"
Ó dìde, fìlà lọ́wọ́, kò wo ọ̀dọ̀ mi.
"Mo fẹ́ràn ìbọn mi. Ìjọba kọ́ ló ní kí n tì wọ́n.
Èmi ni mo tì wọ́n.
Ẹni tó ni nǹkan ló yẹ kó mọ ìgbà tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ òun.
Ẹni tí kò wá mọ̀ ńkọ́?
Ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti mọ èyí tí n ó wí."
Ó jókòó. Wọ́n ní apá ibo ló wà gan-an?
Òjò dídì ń le sí i, wọ́n sún ìpàdé sí oṣù tó ń bọ̀.

Oṣù kẹrin, ẹrẹ̀ muni dé kókósẹ̀, ó kanlẹ̀kùn ní ìdájí:
ìkookò ti gbé ọmọ àgùntàn méjì.
Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí òfin tó lè bá mi wò ó.
"Ṣé o ti ń sùn?"
"Wákàtí mẹ́rin. Nígbà mìíràn, márùn-ún."
Mo gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára kọ́kọ́rọ́, mo wọ bàtà òjò,
mo bá a lọ, mo fọwọ́ ara mi ṣí àpótí,
mo yọ ẹlẹ́nu méjì, mo ka márùn-ún tó kù,
mo tì í padà.

Nírọ̀lẹ́ ó gbé e padà wá, ẹnu rẹ̀ tútù.
Ọta mẹ́rin ni mo kà fún un;
mẹ́rin ló kà padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.
"N kò rí i," ló wí. "Mo kàn jókòó
títí oòrùn fi yọ tán. Koríko ti ń hù lórí sàréè Ingrid."
Mo po búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó ń run irin díẹ̀.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.